Ẹja àjèjì kì í gba àṣẹ kó tó yé ẹyin

Ní ọdún 1956, ọmọ ẹja sámọ́nù ṣẹ́kù sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìsìn ẹja kan nítòsí ìlú Thunder Bay ní Kánádà. Ó tó nǹkan bí 21,000. Wọ́n dà á sínú odò Current. Ẹja Òkun Pàsífíìkì ni, inú omi iyọ̀ ló ti ń dàgbà, kò sì sẹ́ni tó rò pé yóò yè níbẹ̀. Ó yè. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1979, ó ti tàn dé gbogbo adágún ńlá márààrún tó wà láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà.

Èyí tí wọ́n ṣèèṣì ṣe nìyẹn. Èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tún wà. Ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní alewife ti pọ̀ jù nínú adágún Michigan, tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ fi kún etí omi ní 1967, tí òórùn rẹ̀ lé àwọn èèyàn sílé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Michigan ti bẹ̀rẹ̀ sí í da sámọ́nù sínú odò láti 1966 kí ó lè máa jẹ ẹ́. Ètò náà mówó wọlé: àwọn afìwọ̀pẹja ń ti ọ̀nà jíjìn wá, olóhun jíjẹ, ọlọ́kọ̀ ojú omi àti onílé ìtura ń rí tajé ṣe.

Ṣùgbọ́n abo sámọ́nù ń fi ìrù gbẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀ odò, ó ń yé ẹyin síbẹ̀, ó ń bò ó, lẹ́yìn náà ó ń kú. Ọmọ tó bá yè á lọ sí adágún, á sì padà wá sódò tí wọ́n bí i sí. Ọdọọdún ni ìjọba ń da tiwọn, ọdọọdún ni odò náà ń bí tirẹ̀. Nínú adágún Huron, nígbà tí wọ́n máa fi kà á dáadáa, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló jẹ́ ọmọ odò. Àwọn ẹ̀dá oníkarahun kéékèèké tí ọkọ̀ òkun gbé wá tún ti ń jẹ oúnjẹ inú omi náà. Ní nǹkan bí 2003, alewife fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Ebi pa sámọ́nù, àwọn afìwọ̀pẹja ò wá mọ́, ọjà àwọn ìlú kéékèèké etí omi sì dákẹ́.

Ohun tó wù wá nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí wọ́n ṣe ní adágún Michigan lẹ́yìn náà. Wọ́n gé lẹbẹ kékeré tó wà lẹ́yìn, nítòsí ìrù, lára ọmọ ẹja tí wọ́n fẹ́ dà sómi. Èyí tí lẹbẹ rẹ̀ bá pé, odò ló bí i. Wọ́n rí i pé ọmọ odò ju ìdajì lọ, wọ́n sì dín èyí tí wọ́n ń dà kù ní 2013 sí nǹkan bí ìdajì. Ó ṣòro fún ìjọba láti gbà pé ọwọ́ òun nìkan kọ́ ló ń kún omi.

Kò sí sámọ́nù ní odò Ouémé. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí àjèjì lè ṣe: ẹ wo ewéko tí àwọn Faransé ń pè ní jacinthe d'eau, tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tó ń di ọ̀nà ọkọ̀ ní Nokoué bí omi dídùn bá ti dé. Lónìí, àwọn kan ń ra ọmọ epìyà láti òkèèrè fún kòtò ẹja wọn. Bí odò Ouémé bá kún, omi á bo kòtò, ẹja á sì jáde.

Àwa ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sin ẹja. Ohun tí à ń béèrè ni pé kí olùtà sọ ibi tí ọmọ ẹja ti wá, kí olókòtò sì fi àwọ̀n yí i ká kó tó di oṣù kẹjọ. Ẹ̀yin apẹja náà, bí ẹ bá rí ẹja tí bàbá yín kò mọ̀ nínú àwọ̀n yín, ẹ má tíì yan án. Ẹ gbé e lódindi lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti pa á.