Egbò Ti Jinná, Ẹsẹ̀ Ò Tíì Dìde

Lójú ọ̀nà wa yìí, láti Ajílété títí dé Ìdí-Ìrókò ní ẹnubodè Benin, kò sẹ́ni tí kò tíì rí ọ̀kadà tí wọ́n so kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù fayawọ́ mọ́ lọ́tùn-ún lósì, tí ẹni tó gùn ún fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríbi gbẹ́sẹ̀ lé. A máa ń yà fún un, a máa ń bú u, a sì máa ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Lójú tèmi, àṣẹ yẹn kò lé kẹ́ẹ̀gì lọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ló lé e wọ̀.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n kó irú epo bẹ́ẹ̀ jọ sí gbiná ní Sèmè-Kraké, lọ́dọ̀ àwọn ará Benin. Àwọn tó kú lé ní 30. Iye òkú yẹn la gbé kiri. Àwọn tí iná bó láwọ tí wọ́n sì yè, ta ló tún bèèrè wọn? Ọ̀rọ̀ irú wọn ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wọn.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Iná jó ọmọkùnrin kan láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹbí dáwó, wọ́n ta ilẹ̀, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn Ìgbóbì tàbí ti Gbàgádà l'Ékòó. Dókítà ṣí awọ níbòmíràn lára rẹ̀, ó fi bo ojú egbò. Ọjọ́ tó padà sílé, wọ́n padìyẹ, wọ́n ṣe ìdúpẹ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ṣì wà lórí bẹ́ńṣì níwájú ilé, orúnkún rẹ̀ ti ká, itan rẹ̀ ti gbẹ, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ẹnìkan á ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Ayé kọ́ o. Iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ẹsẹ̀ yẹn ni wọn ò ṣe.

Bí iná bá jó èèyàn púpọ̀, gbogbo ara ló máa ń gbóná sí ọ̀rọ̀ náà. Ara á máa ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, oúnjẹ ò ní tó o, á wá yíjú sí iṣan ara rẹ̀, á máa jẹ ẹ́. Ó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé lọ́dún kan lẹ́yìn tí egbò ti pa ojú dé. Ẹ wá fi ìdùbúlẹ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan kún un. Àpá iná fúnra rẹ̀ náà kì í jókòó jẹ́ẹ́, ńṣe ló ń fà bí awọ ìlù tí wọ́n sá sóòrùn.

Ibẹ̀ ni àánú ìyá ti máa ń ṣèpalára. Bí ọmọ bá na ẹsẹ̀, ó ń ké. Ìyá á ki ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún rẹ̀, ara á tù ú, á sùn. Àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún lo ara rẹ̀, mọ̀ pé ibi tó tura fún ẹni tí iná jó gan-an ni oríkèé rẹ̀ máa gan sí.

Ní Galveston, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn kó ọmọ 35 tí iná jó gidi jọ. Wọ́n ní kí àwọn kan fi ọ̀sẹ̀ 12 máa gbé ohun tó wúwo díẹ̀díẹ̀, kí àwọn yòókù gba ìtọ́jú nílé láìsí ti eré ìdárayá yìí. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001: agbára ẹsẹ̀ àwọn tó gbé nǹkan wúwo pọ̀ sí i ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ, iṣan ara wọn sì pọ̀ sí i.

Ẹ má sọ pé ẹ̀rọ òyìnbó nìkan ló lè ṣe é. Kí ẹni tí iná jó jókòó lórí àga gíga, kí ó dìde láìdi nǹkan mú. Bí ìyẹn bá ti rọrùn, kí ó bọ́ sórí èyí tó rẹlẹ̀ díẹ̀, títí yóò fi dé orí àpótí tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó lé dín gààrí. Iyanrìn tí a dì sínú àpò aṣọ lè di ìwúwo tí a so mọ́ ẹsẹ̀, àmọ́ físíò ni yóò sọ ìgbà tí awọ lè gbà á. Awọ tí wọ́n fi bo egbò kì í làágùn dáadáa, nítorí náà ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ó ṣe é. Kí ó jẹ ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja dáadáa. (Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹyin ń ba egbò jẹ́, ẹ jọ̀ọ́.)

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ìgbóbì tó di ilé ìwòsàn ní 1945, orí ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ físíò láti 1966. Àmọ́ ọ̀nà ló jìn. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò ṣe é nà, ṣé ọ̀kadà ni yóò máa gùn jáde láti Ajílété lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó tún wọkọ̀ lọ bá físíò ní Abẹ́òkúta? Bó bá lọ lẹ́ẹ̀kíní, tó lọ lẹ́ẹ̀kejì, owó ọkọ̀ á dá a dúró.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹni tó ń fayawọ́ epo ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ọmọ tó sùn ti kẹ́ẹ̀gì ńkọ́? Obìnrin tí iná ìdí agbada gààrí ràn mọ́ láṣọ ńkọ́?

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, físíò kan, ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé Ajílété, ni mo ń bẹ̀ yín fún. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba ilé tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ẹni tí iná jó lẹ́sẹ̀ nílé, kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ yọ ìrọ̀rí yẹn kúrò lábẹ́ orúnkún rẹ̀.