Kí Ló Dé Tá Ò Ní Kátálọ́ọ̀gì Tiwa?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Àwọn àgbàlagbà wà ní Amẹ́ríkà àti Japan tí wọ́n ń fi owó gidi ra róbọ́ọ̀tì onípáànù àtijọ́. Wọn ò ya wèrè.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, irin wọ́n ní Japan. Agolo oúnjẹ táwọn sójà Amẹ́ríkà jù nù wà lára ohun tí wọ́n gé fi ṣe ohun ìṣeré. Nígbà tí Sputnik wọ gbalasa òfuurufú ní 1957, ọjà róbọ́ọ̀tì túbọ̀ yá.

Báwo làwọn tó ń kó wọn jọ ṣe ń mọ ojúlówó? Wọ́n á ṣí kátálọ́ọ̀gì àtijọ́, irú èyí tí Sears bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fún Kérésìmesì ní 1933. Bí ọwọ́ róbọ́ọ̀tì kan bá ti sọnù, àwòrán inú rẹ̀ á fi bó ṣe rí hàn.

Àwa ńkọ́? Mọ́tò tá a fi agolo mílíìkì ṣe, tá a fi ìdérí ìgò ṣe táyà rẹ̀, ṣé iṣẹ́ ọpọlọ kọ́ nìyẹn? Àmọ́ tó bá ti bàjẹ́, ààtàn yá. Kò sí àwòrán, kò sí àkọsílẹ̀. Lọ́la, ta ló máa gbà pé a ṣe é rí?

Ẹnìkan á ní WAEC ló kàn, kì í ṣe eré. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwòrán kan ò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yin Press Club, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ igun kan sílẹ̀ lára pátákó yìí. Kí oníkálukú ya ohun ìṣeré kan tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó kọ ohun tó fi ṣe é àti ẹni tó kọ́ ọ.