Part-time wo? Odindi iṣẹ́ méjì ni

Ọ̀rọ̀ kan jáde nípàdé wa tó kọjá tí mi ò fẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé, ìyàwó mi tó ti lé lógójì ọdún, tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kí ló tún ń wá lọ sídìí PhD? Ó ní bó bá gbà á tán, ṣé á ṣì máa kúnlẹ̀ kí mi? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni inú wá ń bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Táyà àti túúbù ni mo ń tà ní Kofar Rini, ó ti lé lógún ọdún. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tí àwọn àjọ òkè òkun ń fi owó sí ni ìyàwó mi ń ṣe: wọ́n ń kọ́ àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa fi èdè Hausa kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà kó tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tá a ti pẹ́ níbí mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2012 ni GEP3 bẹ̀rẹ̀, èyí tí UNICEF ṣe pẹ̀lú owó ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, Sókótó sì wà níbẹ̀. Ní 2015, NEI Plus ti Amẹ́ríkà tún dé sí Sókótó àti Bauchi.

Iṣẹ́ náà dára, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń tilẹ̀kùn rẹ̀ láago mẹ́rin. Láàárọ̀, ó lè wà ní Bodinga tàbí Gwadabawa, kó jókòó sẹ́yìn kíláàsì tí wọ́n kó ọmọ bí ọgọ́rin sí. Lálẹ́, àwọn ọ̀gá tó wà lókè òkun á fẹ́ kí wọ́n rí ara wọn lórí Zoom, torí ìgbà yẹn ni ọ̀sán pọ́n lọ́dọ̀ tiwọn. Ìròyìn tún wà tó gbọ́dọ̀ kọ ránṣẹ́. Àárín gbogbo èyí ló fi PhD sí ní 2021, ní yunifásítì kan nílé. Wọ́n ní part-time ni.

Part-time! Èmi oníṣòwò ni mo sọ ọ́: bí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù méjì, kò sí onílé tó máa gba ìdajì owó lọ́wọ́ mi torí pé mo ní ìkejì. Ìwé tí ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ kàwé máa kọ, òun náà ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ máa kọ. Ojú ìwé kan ò dín. Ọdún ni wọ́n kàn fi kún un. Iṣẹ́ ò dín, ìwé ò dín, ilé ló ń dín. Oorun ń dín, ọbẹ̀ ń dín, ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya ń bá ara wọn sọ lálẹ́ ń dín. Ohun tí mo ń wí nìyẹn: kí ẹnikẹ́ni tó san owó fọ́ọ̀mù, kí ilé jókòó, kí wọ́n sọ ẹni tó máa gbé èyí tó bá já sílẹ̀.

Àwa ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Kò burú, lọ ṣe é," mo sì rò pé ó parí síbẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ilé ò rọgbọ rárá. Lọ́jọ́ kan, mo ti ṣọ́ọ̀bù dé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, kò sí oúnjẹ, àbíkẹ́yìn wa ti sùn lé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo pariwo. Kò dá mi lóhùn. Ó dìde, ó lọ gbé ìkòkò kaná. Ojú tì mí. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn la ti pín in. Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé, èmi ni mò ń dáná. Ìrẹsì àti ẹ̀wà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sè, àwọn ọmọ ti gba kádàrá. Lọ́jọ́rú, mo máa ń tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láago márùn-ún kí n lè bójú tó ilé. Ọjà tí mi ò rí tà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kà á mọ́ owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ní 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ìyàwó mi ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kó lè kọ̀wé lọ́dún yẹn. Àyè yẹn jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, torí kò sí ẹni tó ń ka ohun tó kọ. Ẹ tún wá rántí ọ̀nà. Kontagora, Mokwa, Jẹ́bà, títí dé Ìlọrin, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ẹ sì mọ bí ọkàn ṣe ń rí látìgbà tí àwọn ajínigbé ti gbòde. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń rìn ín. Títí á fi pè mí pé òun ti dé, mi ò lè ta táyà kan dáadáa.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń kàwé náà o. Àkòrí tó kọ́kọ́ mú jìnnà sí iṣẹ́ rẹ̀, odindi ọdún kan ló bá a lọ. Ìgbà tó yí i sórí ìwé kíkà ní èdè Hausa, tó sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn iléèwé, ni ìrìn àjò iṣẹ́ wá ń ran ìwé lọ́wọ́. Ẹ má gbàgbé àṣẹ yẹn, torí ìwé ibi iṣẹ́ kì í ṣe tẹni.

Kí ló wá dé tí kò fi jáwọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ òkè òkun dúró. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, USAID ti kógbá wọlé. Ibi tí ìyàwó mi ń ṣe kọ́, àmọ́ ẹ̀rù wọlé wa. Ẹni tó ń fúnni lówó lè jí lọ́jọ́ kan kó ní ó tó. Ní yunifásítì, PhD ni NUC fẹ́ kí olùkọ́ ní. Ẹni tó bá ní in, tó sì ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì Gwadabawa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ní ibòmíì tó lè dúró sí.

Àwọn kan ń fi Ọbásanjọ́ ṣe àpẹẹrẹ, pé Bàbá ti pé ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó parí PhD ní NOUN. Ó wú mi lórí, àmọ́ Bàbá ní dírẹ́bà, wọ́n sì ní ẹni tó ń se oúnjẹ wọn. Awólọ́wọ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ó ń ṣòwò, ó ń ra kòkó, ó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣiṣẹ́, ó sì ń kàwé yunifásítì London látilé títí ó fi gba B.Com. ní 1944. Oníṣòwò bíi tèmi. Ta ló wà nílé nígbà yẹn? HID, tí òun náà jẹ́ oníṣòwò.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa ò pọ̀. Kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ yé bu owó ìtanràn lé ẹni tó ń kàwé tí kò bá wá sípàdé. Àti pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyàwó mi ń lọ sílé láti lọ rí sùpáfáísọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹrù rán an lọ́tẹ̀ yìí, ìwé ló kún àpò rẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin, kó gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, màá fún awakọ̀.