Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìtìjú Pa Ọmọ Wa



Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Tramadol àti kodíìnì ni kòkòrò ìgbà tiwa. Ìwádìí àjọ UNODC lórí ọdún 2017 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ọmọ Nàìjíríà lo irú oògùn apàrora bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ dókítà. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de síróọ̀pù ikọ́ tó ní kodíìnì. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í bá ọmọ sùn nínú yàrá.

Ní Ìrolú níbí, ìdílé a máa gbé ọ̀dọ́ wá sọ́dọ̀ mi pé ayé ló ń ṣe é. Kí n tó fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀, mo máa ń béèrè pé: kí ló lò?

Bí oorun ọmọ kò bá ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, ẹ má da epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ sáré gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ orúkọ ohun tó lò. Naloxone lè dá èémí padà, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń bá jà.

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀yin òbí, ẹ má purọ́ nítorí ojú ayé. Orí alààyè ni a ń bọ.