Ọtí Ìrèké àti Òkun Jàmáíkà

Ìrìn àjò ọjọ́ kan kan wà ní St Elizabeth, ní erékùṣù Jàmáíkà, tí àwọn àlejò fẹ́ràn púpọ̀. Ní òwúrọ̀, Appleton ni wọn a kọ́kọ́ yà sí, níbi tí a ti ń pọn ọtí rọ́ọ̀mù láti ọdún 1749. Oje dúdú tí ó kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ṣúgà tán lára omi ìrèké ni a ń jẹ́ kí ó kan. A ó sè é nínú ìkòkò bàbà, a ó sì rọ ọ́ sínú àgbá igi fún ọdún púpọ̀. Ife kékeré ni a fi ń tọ́ ọ wò. Àwa kò bínú sí ife kan, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò tí ì jẹun ṣọ́ra!

Ní ọ̀sán, ọkọ̀ ojú omi a gbé wọn lọ sí Pelican Bar, ahéré tí apẹja kan, Floyd Forbes, fi igi kọ́ sórí iyanrìn láàrin òkun ní 2001. Ẹyẹ òfú ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìjì Ivan gbé e lọ ní 2004, a tún un kọ́; Beryl tún wó o ní 2024.

Nítòsí ibẹ̀, ní Black River, ni ọkọ̀ ẹrú Zong gúnlẹ̀ sí ní December 1781. Kí ó tó dé, àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti ju ènìyàn dúdú tí ó lé ní 130 sínú òkun. Àwọn tí ó ni ọkọ̀ náà béèrè owó ìbánigbófò lórí wọn, bí ẹni pé ẹrù lásán ni ó sọnù. Ní 1783, ní ilé ẹjọ́ ní London, adájọ́ fi ọ̀ràn wọn wé ti ẹṣin. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó ro oko ìrèké Jàmáíkà títí di 1838.

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ lọ sí ojú òkun yẹn, kí ó bi atukọ̀ rẹ̀ léèrè nípa Zong.