Kí ẹ tó ra oògùn aràn fún ajá yín, ẹ kọ́kọ́ wo ìgbẹ́ rẹ̀ dáadáa

1. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo gbé wá lónìí. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó jẹun tán ná. Èrò mi ò pọ̀: ẹni tó ní ajá tí kì í wo ìgbẹ́ ajá náà, kò tíì máa sin ajá. Ajá kàn ń gbé lọ́gbà rẹ̀ ni.

2. Ìmọ̀ nípa ẹranko ni mo kà ní yunifásítì, fídíò nípa ajá ni mo sì fi ń jẹun báyìí. Fọ́tò ìgbẹ́ ló ń wọ DM mi jù, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: "Àǹtí, oògùn wo ni kí n rà?" Wọn kì í béèrè pé, "Aràn wo lèyí?" Ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi wà.

3. Aràn kì í ṣe oríṣi kan, oògùn rẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀kan. Pyrantel máa ń pa aràn gbọọrọ àti aràn amùjẹ̀, àmọ́ aràn pẹlẹbẹ ò ní mọ̀ pé ẹ lo nǹkan kan. Praziquantel ló ń ṣiṣẹ́ fún aràn pẹlẹbẹ, kò sì rí ti gbọọrọ ṣe.

4. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tójú ń rí. Nǹkan funfun tó gùn bí sùpàgẹ́tì tí wọ́n ti sè, nínú ìgbẹ́ tàbí èébì ọmọ ajá, aràn gbọọrọ nìyẹn. Toxocara canis ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ikùn ọmọ ajá á yọ roboto, irun rẹ̀ ò ní dán, àwọn ará ilé á wá ní ó ti yó. Kò yó o. Aràn ló yó.

5. Ẹ má sọ pé, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni, níbo ló ti rí aràn?" Lára ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ aràn máa ń sápamọ́ sínú ẹran ara abo ajá. Tó bá lóyún, wọ́n á jí, wọ́n á wọ ara ọmọ inú. Àwọn míì á bá ọmú wọlé. Ìdí nìyẹn táwọn dókítà ẹranko fi ní ká bẹ̀rẹ̀ oògùn láti ọ̀sẹ̀ 2, ká sì máa tún un lò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ 8, ó kéré tán.

6. Tó bá jẹ́ nǹkan wẹ́wẹ́ bí hóró ìrẹsì lẹ rí, lára ìgbẹ́ tàbí nínú irun abẹ́ ìrù, tó ń sún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, aràn pẹlẹbẹ nìyẹn. Kì í ṣe odindi rẹ̀ lẹ rí o. Oríkèé ara rẹ̀ tó já ni, ẹyin ló sì kún inú rẹ̀. Aràn fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú ìfun.

7. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, Dipylidium caninum, kòkòrò kékeré tó ń fò nínú irun ajá, tí wọ́n ń pè ní flea, ló ń gbé e kiri. Ara á yún ajá, á gé ara rẹ̀ jẹ, á gbé kòkòrò náà mì, ó parí. Ẹni tó fún ajá lóògùn aràn tí kò pa kòkòrò ara rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọn omi.

8. Ẹ ṣọ́ra fún ìdin náà! Ìgbẹ́ tó ti wà nílẹ̀ látàná, eṣinṣin á ti yé sí i. Ohun tó ń jà nínú rẹ̀ lè má ti inú ajá jáde rárá. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni kí ẹ wò.

9. Ibi tó ń dùn mí rèé. Aràn tójú ń rí kọ́ ni mo bẹ̀rù jù. Aràn amùjẹ̀, Ancylostoma caninum, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lọ, ó tín-ín-rín bí òwú, ó sì jẹ́ mọ́ ara ìfun. Ẹ lè má rí i láé. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, èrìgì tó funfun, ọmọ ajá tí kò lókun mọ́: àmì rẹ̀ nìyẹn. Ó lè pa ọmọ ajá kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣe é.

10. Torí náà, "mi ò rí aràn kankan" kì í ṣe ẹ̀rí. Ní ilé ìwòsàn ẹranko, wọ́n á po ìgbẹ́ díẹ̀ mọ́ omi iyọ̀ tàbí omi ṣúgà tó ki, ẹyin aràn á léfòó, wọ́n á wá gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹyin kálukú ní ìrísí tirẹ̀. Fọ́tò DM ò lè ṣe ìyẹn.

11. Mo gbọ́ pé owó ò sí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò oògùn tẹ́ ẹ ra lẹ́ẹ̀mẹta fún aràn tí kò bá a mu. Yunifásítì Ìbàdàn àti FUNAAB l'Ábẹ́òkúta ní ilé ìwòsàn ẹranko. Ẹ bu ìgbẹ́ tútù sínú ike mímọ́, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

12. Tí ajá ò bá dùn yín, ẹ ro tọmọ. Ẹyin aràn gbọọrọ tó ti gbó nínú iyẹ̀pẹ̀ lè wọ ẹnu ọmọ tó ń ṣeré nílẹ̀. Kì í dàgbà nínú èèyàn, ńṣe ló ń rìn kiri: ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, kódà ojú. Ó lè fọ́ ojú ọmọ. Ọmọ aràn amùjẹ̀ ní tiẹ̀ á gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, á máa fa ìlà pupa tó ń yún lábẹ́ awọ.

13. Ẹyin aràn gbọọrọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ò tíì lè ran ẹnikẹ́ni. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀ kó tó gbó. Ti aràn amùjẹ̀ yá jùyẹn lọ, ọjọ́ mélòó kan ti tó o. Ẹ ò rí i pé ṣọ́bìrì tó ń kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́ ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ?

14. Ẹ wo ìgbẹ́. Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín yẹ èyí tẹ́ ẹ ò rí wò. Lẹ́yìn náà kí ẹ ra oògùn, ní ìwọ̀n tó bá ara ajá mu. Tí láńlọ́ọ̀dù yín bá ní ajá mẹ́rin tí ọmọ sì kún ọgbà, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i. Ẹ má ṣáà sọ pé èmi ni mo rán yín.