Ìwé aláwòrán: ọjà tí ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ń fojú kéré

Téèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé lásìkò tí iléèwé fẹ́ẹ́ wọlé, ohun kan náà ni yóò bá níbẹ̀: ìwé ìṣirò, ìwé Gẹ̀ẹ́sì, bírò àti rúlà. Tó bá béèrè ìwé ìtàn aláwòrán, ìyẹn kọ́míìkì, ẹ̀rín ni oníṣọ́ọ̀bù máa kọ́kọ́ rín, á ní ta ló fẹ́ẹ́ rà á. Bẹ́ẹ̀ ìdí ọjà yìí kan náà ni Wálé Adénúgà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1976, nígbà tó gbé Ikebe Super jáde. Papa Ajasco tó wà nínú ìwé náà di fíìmù lọ́dún 1984, ó tún wá di eré orí tẹlifíṣàn tí tọmọdé-tàgbà mọ̀. Ẹni tó bá ní àwòrán ò lè bọ́ èèyàn, kó wo ibi tí òwò náà gbé ọkùnrin yẹn dé.

Àwọn tuntun ti wà nílẹ̀ báyìí. Èyí tó yẹ kí oníṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ mọ̀ ni Iyanu: Child of Wonder. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, ló kọ ọ́, Godwin Akpan ló yàwòrán ẹ̀, iléeṣẹ́ Dark Horse l'Amẹ́ríkà sì gbé apá kìíní jáde lọ́dún 2021. Ọmọ òrukàn kan tó ń jẹ́ Ìyanu ni ìtàn náà dá lé, tòun ti agbára tọ́mọ náà ò mọ̀ pé òun ní, ilẹ̀ tó sì fara jọ ilẹ̀ Yorùbá ayé àtijọ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Lóṣù kẹrin, ọdún 2025, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàfihàn ẹ̀ lórí Cartoon Network. Ibi tí owó wà fún oníṣòwò nìyẹn. Ọmọ tó bá ti rí i lórí tẹlifíṣàn ò nílò ẹni tó máa polówó ẹ̀ fún un mọ́.

Fáwọn tó ti dàgbà díẹ̀, Malika: Warrior Queen dáa. Okupe náà ló kọ ọ́, ìtàn Ọbabìnrin Àmínà ti Zazzau ló sì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹni tí kò tíì fẹ́ẹ́ náwó lè kọ́kọ́ wo iṣẹ́ Comic Republic, tí Jide Martin dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2013. Wọ́n ti gbé ọ̀pọ̀ ìwé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ rí.

Ohun tí Okupe ṣe kí Dark Horse tó dá sọ́rọ̀ ẹ̀ ló yẹ kóníṣòwò kékeré fetí sí. Orí Kickstarter ló ti ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ẹ́ ra ìwé, kó tó tẹ̀ ẹ́. Aránṣọ tó máa ń gba ààbọ̀ owó kó tó gé aṣọ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ náà ò kéré. Dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé ìwé Dark Horse, náírà sì ti já wálẹ̀ gan-an láti oṣù kẹfà, ọdún 2023. Ẹni tó bá kó odindi páálí kan wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń fowó ara ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó láti fi dán ọjà wò, kó sì wà níbi tójú ọmọdé á tó o, kì í ṣe lẹ́yìn káńtà. Tí ẹlòmíì bá tún béèrè, kí wọ́n gbowó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Fọ́tókọ́pì kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ o. Òfin ọdún 2022 tó dáàbò bo iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ò gbà á, àwọ̀ tó sì ń tà á gan-an ni fọ́tókọ́pì dúdú-àti-funfun máa pa.

Èyí tó tún ń dunni ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni Ìyanu ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tòun torúkọ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń tẹ kàlẹ́ńdà àti jọ́tà òkú àgbà ní Ṣómólú lè tẹ kọ́míìkì Yorùbá: ojú ewé 16, píìnì méjì láàárín, iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó máa gbéṣẹ́ ọ̀hún wá fún wọn ló kù.